Àwọn Ilé Olókìkí Ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Àwọn Ọwọ́ Tí Ó Kọ́ Wọn

Nígbà tí a kéde ní ọjọ́ Ìsinmi pé ọ̀rọ̀ ilé ni èmi yóò sọ, àti pé ilé òkèèrè ni, ọ̀rẹ́ mi kan bi mí léèrè ní ẹnu ọ̀nà pé kí ni ilé Amẹ́ríkà kàn wá, níwọ̀n bí òrùlé tiwa ti ń jò. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òtítọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá gbọ́, inú mi sì dùn láti rí i ní ìjókòó kẹta yẹn.

Àwọn baba wa a máa wí pé ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní alẹ́ yìí, èmi fẹ́ kí a wo ilé àwọn ẹlòmíràn, kí a sì béèrè orúkọ. Nítorí gbogbo ilé ńlá ni ó ní orúkọ méjì: orúkọ ẹni tí ó ni ín, èyí tí gbogbo ayé mọ̀, àti orúkọ àwọn tí ó pò amọ̀ rẹ̀, tí ó la pákó rẹ̀, tí ó sì dáná nínú rẹ̀, èyí tí a kì í sábà kọ síbì kankan. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ kejì yìí farasin pẹ́, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a jáde. Púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ náà ni ó jẹ́ ọmọ Áfíríkà. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ kọ́lé ní ilẹ̀ náà. Ní Taos, ní ìpínlẹ̀ New Mexico, agbo ilé alámọ̀ kan wà tí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gbé láti ọ̀pọ̀ ọdún kí òyìnbó tó dé ibẹ̀. Amọ̀ tí a pò mọ́ koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ṣe ògiri rẹ̀. Wọ́n to àwọn yàrá lé orí ara wọn dé àjà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ní àtijọ́, wọn kì í ṣe ilẹ̀kùn sí ìsàlẹ̀. Àkàbà ni wọ́n fi ń gun òrùlé, láti ojú òrùlé ni wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá, kí ọ̀tá má bàa rí ọ̀nà wọlé. Títí di òní ni ènìyàn ń gbé ibẹ̀, tí wọ́n sì ń fi amọ̀ titun rẹ́ ògiri náà. Ẹni tí ó bá ti rẹ́ ògiri rí ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò nílò kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún un.

Ní ìhà àríwá, níbi tí òtútù gbé ń pa ènìyàn, ilé ìdílé Fairbanks wà ní ìlú Dedham ní Massachusetts. Igi líle ni egungun rẹ̀, ó sì ti dúró láti nǹkan bí ọdún 1640. Ààrò ńlá kan tí a fi bíríkì mọ ni ó wà ní àárín ilé náà, tí èéfín rẹ̀ ń gba inú òrùlé jáde, gbogbo yàrá sì yí i ká bí àwọn ọmọ ti í yí ìyá wọn ká. Iná ni ẹ̀mí irú ilé bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Virginia, níbi tí oòrùn ti ń mú, ilé yí ìṣe padà. Níbẹ̀ wọ́n lé iná jáde: ilé ìdáná dá dúró ní ẹ̀yìn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ agboolé tiwa, kí ooru àti èéfín má bàa dé ọ̀dọ̀ onílé. Bí ilé ìdáná sì ti kúrò nínú ilé, àwọn tí ń dáná pẹ̀lú kúrò lójú.

Ilé George Washington, Ààrẹ kìn-ín-ní, ni Mount Vernon, lórí òkè kan tí ó kọjú sí odò Potomac. Baba rẹ̀ ni ó kọ́ ilé kékeré ìpilẹ̀ṣẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1734. Ọmọ gbé e ga ní 1758, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́ sí ọ̀tún àti òsì ní 1774. Ẹni tí ó bá dúró níwájú rẹ̀ yóò rò pé òkúta gbígbẹ́ ni a fi kọ́ ọ. Pákó ni. Wọ́n gé etí àwọn pákó náà kí ó lè dàbí ibi tí òkúta méjì gbé pàdé, wọ́n kùn wọ́n ní ọ̀dà, nígbà tí ọ̀dà náà sì tutù síbẹ̀, wọ́n da iyanrìn lù ú. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀tàn díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú ilé, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbígbòòrò kan la àárín kọjá láti ilẹ̀kùn iwájú dé ilẹ̀kùn tí ó kọjú sí odò, tí ó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí méjèèjì, afẹ́fẹ́ á gba inú ilé já. Ibẹ̀ ni ìdílé náà ń jókòó nígbà ooru.

Lára ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí ni kọ́kọ́rọ́ irin kan gbé rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ Bastille ni, ọgbà ẹ̀wọ̀n tí àwọn ará Paris ṣígun bá ní 1789. Ọ̀gágun Lafayette fi í ta Washington lọ́rẹ ní 1790, gẹ́gẹ́ bí àmì pé òmìnira ti borí. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará mi. Ní 1799, ọdún tí Washington kú nínú ilé náà, ẹrú 317 ni ó ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ Mount Vernon. Àwọn ni ó ń gbá ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn tí ó jẹ́ tirẹ̀ gan-an nínú wọn jẹ́ 123. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé kí a dá wọn sílẹ̀ nígbà tí ìyàwó òun bá kú. Martha, ìyàwó rẹ̀, kò dúró di ìgbà náà. Ó dá wọn sílẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1801. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó wá láti inú ogún ọkọ Martha àkọ́kọ́ kò rí ìdásílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ń di òmìnira tí aya wà ní ẹrú, nínú agbo kan náà.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí. Nígbà tí ó fi máa di ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilé náà ti ń bàjẹ́, àwọn ajogún kò sì lágbára láti tún un ṣe. Obìnrin kan tí ń jẹ́ Ann Pamela Cunningham, tí ara rẹ̀ kò dá, kó àwọn obìnrin jọ ní 1853. Wọ́n ń tọrọ owó láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀, ní 1858 wọ́n sì ṣe àdéhùn láti ra ilé náà ní 200,000 dọ́là. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin yẹn ni ó ni ín títí di òní. Wọ́n tọ́jú iyàrá Ààrẹ dáradára. Ibojì àwọn ẹrú, tí ó wà nínú igbó nítòsí tirẹ̀, kò rí ju òkúta kékeré kan lọ ní 1929. Ní 1983 ni a tó gbé ohun ìrántí tí ó yẹ kalẹ̀ níbẹ̀.

Nípa Ilé Funfun, níbi tí àwọn Ààrẹ ń gbé ní ìlú Washington, ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni èmi yóò sọ, nítorí gbogbo yín ni ó ti rí àwòrán rẹ̀. James Hoban, ọmọ ilẹ̀ Ireland, ni ó yàwòrán rẹ̀. Wọ́n fi ìpilẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1792. John Adams sì ni Ààrẹ àkọ́kọ́ tí ó sùn nínú rẹ̀, ní 1800. Àwọn ẹrú wà lára àwọn tí ó fọ́ òkúta rẹ̀ ní Virginia, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó la pákó rẹ̀. Ní 1814 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti iná bọ̀ ọ́. Ẹ mọ ohun tí a ń sọ nípa ilé ọba tí ó jó. Ní 1817, Ààrẹ ti padà sínú rẹ̀.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí ọkàn mi wà. Nítòsí ìlú Charlottesville ní Virginia, òkè kan wà tí Thomas Jefferson bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ orí rẹ̀ pẹrẹsẹ ní 1768, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 25. Ó pè é ní Monticello, èyí tí í ṣe òkè kékeré ní èdè Ítálì. Jefferson kò kọ́ṣẹ́ ilé yíyà lọ́dọ̀ ọ̀gá kankan. Inú ìwé ni ó ti kọ́ ọ, pàápàá ìwé Andrea Palladio, ará Ítálì tí ó ti kú láti 1580. Ó kọ́ ilé kan; ó lọ sí ilẹ̀ Faransé ní 1784 gẹ́gẹ́ bí aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀; ó rí àwọn ilé ibẹ̀; nígbà tí ó sì padà, ó wó èyí tí ó pọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́ ní 1796. Nǹkan bí ọdún 1809 ni ó tó parí. Ogójì ọdún! Káfíńtà tí ó bá bá irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ ní láti ní sùúrù.

Ilé náà dára, èmi kò ní parọ́. Bíríkì pupa ni, a yọ́ ọ lórí òkè náà gan-an láti inú amọ̀ ibẹ̀. Òpó funfun wà níwájú rẹ̀, òrùlé rìbìtì kan sì dé e lórí bí fìlà. Yàrá tí ó wà lábẹ́ òrùlé rìbìtì yìí lẹ́wà ju gbogbo yàrá ìyókù lọ, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tí ó lọ síbẹ̀ há tí ó sì ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ gùn ún, ó sì di ibi tí a ń kó ẹrù sí. Ẹni tí ó bá ti kọ́lé rí mọ̀ pé kò sí ilé tí kò ní irú yàrá kan bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí àlejò bá wọlé, aago ńlá kan ni ó ń kí i lókè ilẹ̀kùn. Àwọn irin rìbìtì tí ó dàbí ọta àgbá ni ó ń fà á. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lára ògiri, a sì kọ orúkọ ọjọ́ sára ògiri náà, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí irin bá dé ni ó ń sọ ọjọ́ tí a wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi ni wọ́n ń wín in. Ṣùgbọ́n gbọ̀ngàn náà kò ga tó ọ̀sẹ̀ kan! Jefferson ní láti lu ihò sí ilẹ̀ pákó kí irin lè máa sọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀, ọjọ́ Àbámẹ́ta sì wà nínú àjà ilẹ̀. Ibùsùn rẹ̀ ni ó wà láàárín yàrá méjì, nínú ihò ògiri: bí ó bá dìde sí ìhà kan, ó bọ́ sí yàrá ìwé rẹ̀, bí ó bá dìde sí ìhà kejì, ó bọ́ sí ibi ìmúra. Àti ní yàrá oúnjẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kíyèsí èyí dáradára. Lára ibi ìyáná, ó fi àpótí kékeré pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, tí a fi okùn fà, tí ó ń gbé ìgò wáìnì wá láti àjà ilẹ̀. Ilẹ̀kùn kan sì wà tí ó ń yí lórí òpó àárín, tí a kan pẹpẹ sí ẹ̀yìn rẹ̀: a ó to àwo oúnjẹ sórí pẹpẹ ní òde, a ó yí ilẹ̀kùn, oúnjẹ a sì dé inú yàrá. Àwọn àlejò a máa jẹun, a máa mu wáìnì, a máa sọ̀rọ̀ òmìnira ọmọ ènìyàn, láìrí ẹni tí ó se oúnjẹ àti ẹni tí ó gbé e wá.

Lójú mi, ibẹ̀ ni àṣírí ilé náà wà. Ọ̀nà kan gba abẹ́ ilẹ̀ láti ilé ìdáná wá. Àtẹ̀gùn inú ilé kò fẹ̀ ju íǹṣì 24 lọ, níbi tí ẹni tí ó gbé àwo oúnjẹ yóò gbà kọjá. Ilé àwọn ẹrú àti ìsọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà ní ọ̀nà kan lẹ́bàá òkè náà tí a ń pè ní Mulberry Row. Ọkùnrin tí ó kọ ọ́ ní 1776 pé bákan náà ni a dá gbogbo ènìyàn ni, ó sì ní ẹrú tí ó ju 600 lọ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Gbogbo ọgbọ́n tí ó ní ni ó fi ṣe ilé tí iṣẹ́ ń lọ nínú rẹ̀ láìsí òṣìṣẹ́ lójú.

Ẹ jẹ́ kí a dárúkọ díẹ̀ nínú wọn. John Hemmings jẹ́ ẹrú, ó sì jẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Ó kọ́ṣẹ́ lábẹ́ James Dinsmore, ará Ireland, títí tí ọwọ́ rẹ̀ fi mọ́ bí ti ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tí Ellen, ọmọ-ọmọ Jefferson, ṣe ìgbéyàwó ní 1825 tí ó sì bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Boston, John Hemmings ṣe tábìlì ìkọ̀wé kan fún un, ó fi gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ sí i. Wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi kó ẹrù ìyàwó ránṣẹ́. Ọkọ̀ náà ṣòfò, tábìlì sì bá a lọ. Jefferson kọ̀wé sí Ellen pé ọkàn John Hemmings gbọgbẹ́ púpọ̀, ó sì fi í wé akéwì tí iná jó ìwé rẹ̀. Nítorí pé ọjọ́ orí ti ń fa ọwọ́ àti ojú John Hemmings sẹ́yìn, kò lè ṣe òmíràn. Kí ni Jefferson wá fi rọ́pò rẹ̀? Ó fi àpótí ìkọ̀wé kékeré tí òun fi kọ Ìkéde Òmìnira ní 1776 ránṣẹ́ sí ọkọ Ellen. Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ń tọ́jú àpótí ìkọ̀wé náà títí di òní nínú ilé ìṣúra rẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá rántí rẹ̀, tábìlì tí ó wà ní ìsàlẹ̀ òkun ni ọkàn mi ń lọ sí.

Jefferson kú ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1826, gbèsè rẹ̀ sì ju 100,000 dọ́là lọ. John Hemmings ni ó kan pósí rẹ̀. Ènìyàn márùn-ún péré ni ó dá sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀, John sì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Joseph Fossett, alágbẹ̀dẹ. Ṣùgbọ́n kò dá ìyàwó Joseph sílẹ̀, kò sì dá àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Edith ni orúkọ ìyàwó yìí. Nígbà tí ó jẹ́ ọmọdébìnrin ọdún 15 ni a ti mú un lọ sí Ilé Funfun kí ó lè kọ́ bí àwọn ará Faransé ti í se oúnjẹ. Òun ni ó wá di olórí ìdáná ní Monticello. Gbogbo àwọn ènìyàn pàtàkì tí ó yin oúnjẹ ilé náà, ọwọ́ Edith ni wọ́n ń yìn, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1827, nínú òtútù, wọ́n lu gbàǹjo lórí òkè náà. Wọ́n ta àwọn àga, wọ́n ta màlúù, wọ́n sì gbé ènìyàn 130 kalẹ̀ fún títà. Joseph Fossett wà láàyè, òmìnira rẹ̀ sì wà nínú ìwé, nígbà tí wọ́n ń ta ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ fún olówó ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Peter, ọmọ rẹ̀, jẹ́ ọmọ ọdún 11.

Joseph kò dáwọ́ dúró. Ó fi òòlù àti owú rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó ń ra àwọn ènìyàn rẹ̀ padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kó àwọn tí ó rí rà lọ sí Ohio níbi tí kò ti sí ẹrú. Ẹni tí ó ra Peter kọ̀, kò fẹ́ tà á. Peter kọ́ ìwé ní ìkọ̀kọ̀, ó sì ń kọ́ àwọn ẹrú mìíràn; ó gbìyànjú láti sá lọ, wọ́n mú un. Ní 1850 ni àwọn ẹbí àti ọ̀rẹ́ tó rí i rà, tí ó bá àwọn òbí rẹ̀ ní Cincinnati. Níbẹ̀ ni ó ti di oníṣòwò oúnjẹ, gẹ́gẹ́ bí ìyá rẹ̀ ti jẹ́ alásè, ó ń ran àwọn ẹrú tí ó sá lọ́wọ́, ó sì di pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ní ọdún 1900, nígbà tí ó ti lé ní 80 ọdún, Peter Fossett padà lọ wo Monticello. Ó kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e.

Ẹgbẹ́ kan ra ilé náà ní 1923 láti tọ́jú rẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà lára owó kọ́bọ̀ wọn láti 1938. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, aago àti ibùsùn àti ilẹ̀kùn yíyí ni a ń fi han àlejò. Nígbà tí ó yá ni wọ́n tó tú ilẹ̀ Mulberry Row yẹ̀ wò, tí wọ́n wá àwọn ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú kiri, tí wọ́n sì kọ ìtàn wọn sílẹ̀. Ní 2018 wọ́n ṣí yàrá kan fún ìrántí Sally Hemings, ẹrúbìnrin tí ó bí ọmọ fún Jefferson, ọ̀rọ̀ tí àwọn ìdílé dúdú ti ń sọ láti ìran dé ìran tí a kò gbà wọ́n gbọ́.

Èmi kò fẹ́ kí ẹ rò pé abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni àwọn ènìyàn wa gbé. Ní Anacostia, lórí òkè kan tí ó ń wo ìlú Washington, ni Cedar Hill wà, ilé Frederick Douglass. Nígbà tí ó jẹ́ ẹrú ọmọdé ní Maryland, inú àpò tí wọ́n fi ń ru àgbàdo lọ sí ẹ̀rọ ni ó ń kó sí sùn lálẹ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ síta. Ní 1877 ó fi 6,700 dọ́là ra Cedar Hill. John Van Hook ni ó kọ́ ọ, ọ̀kan nínú àwọn tí ó la àdúgbò ìsàlẹ̀ òkè náà, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ilẹ̀ ibẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ tà á fún ènìyàn dúdú. Douglass fi yàrá kún ilé náà títí ó fi di 21. Fáolìn rẹ̀ wà ní yàrá àlejò, ìwé rẹ̀ kún ògiri. Ó tún ní ahéré olókùúta kan lẹ́yìn ilé, tí kò ní fèrèsé, níbi tí ó ń lọ nígbà tí ó bá fẹ́ ronú láìsí ẹni tí yóò pè é. Mo jowú rẹ̀ nítorí ahéré yẹn ju nítorí yàrá 21 lọ.

Ní 1895, George Vanderbilt, ọmọ olówó, parí ilé kan sí orí òkè ní Asheville, North Carolina, tí a ń pè ní Biltmore. Ó ní yàrá 250 àti ibi ìyáná 65. Òun ni ilé àdáni tí ó tóbi jùlọ ní Amẹ́ríkà, n kò sì ní ohun púpọ̀ láti sọ nípa rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1899, ní Tuskegee ní Alabama, wọ́n parí ilé mìíràn fún Booker T. Washington. Ẹ̀yin tí ẹ ti ka ìtàn ayé rẹ̀ yóò rántí ahéré tí a bí i sí ní Virginia: ẹsẹ̀ bàtà 14 sí 16, ilẹ̀ erùpẹ̀, fèrèsé tí kò ní dígí, ihò kan láàárín ilẹ̀ níbi tí wọ́n ń kó ọ̀dùnkún pamọ́ sí, òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ sì ń sùn lórí àkísà. Ẹ ó sì rántí bíríkì. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n yọ bíríkì, iná kò jó o dáradára. Wọ́n tún yọ, ó bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó wó. Owó tán. Ọ̀gá náà mú aago rẹ̀ lọ sí Montgomery, ó fi í dógò ní 15 dọ́là, ó padà wá, wọ́n sì yọ ti ẹ̀ẹ̀kẹrin, èyí tí ó dára. Kò rí aago náà gbà padà mọ́. Irú bíríkì ọwọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni ó wà lára ilé rẹ̀, tí a ń pè ní The Oaks. Robert Robinson Taylor ni ó yàwòrán rẹ̀, ọmọ káfíńtà, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Massachusetts, ní 1892. Iná mànàmáná wà nínú ilé náà nígbà tí ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ̀, funfun àti dúdú, ń tan fìtílà. Ẹni tí ó yà á, ẹni tí ó mọ ọ́n, ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀, a mọ orúkọ wọn.

Ní Irvington, lẹ́bàá odò Hudson ní New York, Sarah Breedlove, ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú ní Louisiana, tí a mọ̀ sí Madam C. J. Walker, kọ́ ilé oníyàrá 34 pẹ̀lú owó tí ó rí nínú òògùn irun. Vertner Tandy, ayàwòrán ilé tí ó jẹ́ dúdú bí tirẹ̀, ni ó yà á. Ó parí ní 1918. Ó ní dùùrù ńlá nínú. Ọdún kan péré ni ìyá náà lò nínú rẹ̀ kí ó tó kú.

Àwọn ọ̀dọ́ yóò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé tí Frank Lloyd Wright kọ́ sórí odò tí ń ṣàn lulẹ̀ ní Pennsylvania, láàárín 1936 àti 1937. Ó jẹ́ ohun ìyanu lóòótọ́: pẹpẹ símẹ́ǹtì yọ síta lókè omi láìsí òpó lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n pẹpẹ náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, ní 2002 wọ́n sì ní láti fi okùn irin dì í mú. Àwọn òṣìṣẹ́ ti fi irin kún un ju iye tí ayàwòrán fẹ́ lọ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, bóyá kì bá ti dúró tó bẹ́ẹ̀.

Mo fi ilé tí ó kéré jùlọ sí ìkẹyìn. Ní New Orleans àti káàkiri ìhà gúúsù, ẹ ó rí ilé pákó tóóró kan, tí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú rẹ̀ kọjú sí títì. Yàrá kan ni ó fẹ̀. Lẹ́yìn yàrá yìí ni yàrá mìíràn wà, lẹ́yìn èyí ni òmíràn; kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, inú yàrá kan ni a ń gbà dé èkejì. Wọ́n ń sọ pé bí ẹnìkan bá yìnbọn ní ẹnu ọ̀nà iwájú, ọta yóò gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde láìba ohun kan jẹ́, wọ́n sì fi ìbọn sọ ilé náà lórúkọ. Ilé àwọn tálákà ni.

Ọ̀mọ̀wé kan, John Michael Vlach, tọ ipasẹ̀ ilé yìí sẹ́yìn, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1976. Ó ní láti Haiti ni ó ti dé New Orleans, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 9,000 tí ogun lé kúrò níbẹ̀ lọ sí Cuba, tí wọ́n sì dé New Orleans ní 1809 àti 1810. Nígbà tí ó wọn àwọn ilé àtijọ́ ní Haiti, ó rí i pé wọ́n súnmọ́ ìwọ̀n kan tí ó mọ̀: yàrá méjì tí ó so pọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 20 ní gígùn. Ilé Yorùbá ni ó rí ìwọ̀n náà. Àwọn mìíràn kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní ilẹ̀ ìlú náà tí ó há ni ó fa ilé tóóró. Èmi kì í ṣe onídàájọ́ láàárín wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé a kó àwọn ènìyàn wa lọ sí Haiti, àti pé ẹni tí a kó láìgbé ẹrù dání ṣì lè gbé ìwọ̀n yàrá baba rẹ̀ lọ lọ́wọ́.

Ní Houston, ní Texas, John Biggers, ayàwòrán dúdú tí ó ti rìn kiri Ghana, Togo, Dahomey àti ilẹ̀ wa níhìn-ín ní 1957, a máa ya irú ilé yìí ní ìlà gígùn pẹ̀lú àwọn obìnrin tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wọn. Ní 1993, Rick Lowe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí iṣẹ́ Biggers ti wọ̀ lọ́kàn, rí irú ilé bẹ́ẹ̀ 22 ní àdúgbò Third Ward, tí ìgbẹ́ ti bò, tí òrùlé wọn ń jò. Wọ́n tún wọn ṣe. Wọ́n fi díẹ̀ nínú wọn fún àwọn oníṣẹ́ ọnà, wọ́n sì fi díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin tí ó ń dá tọ́mọ, kí wọ́n lè ní ibi gbé nígbà tí wọ́n bá ń parí ẹ̀kọ́ wọn.